A Ti Gbọ́ Yín

Kí ó tó mọ ìwé kà dáadáa ni àwọn aládùúgbò ti ń pè é ní Alárinà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí ó fi dàgbà. Nínú ilé tí wọ́n bí i sí, bàbá ń gbé yàrá iwájú, ìyá ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó ṣókùnkùn wà láàárín wọn, ọmọbìnrin yìí nìkan ló sì ń rìn ín lọ rìn ín bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà gbó bàbá lẹ́nu lọ́jọ́ kan, bàbá ní kó jáde nílé òun, ọmọ sì jáde lóòótọ́. Kò padà mọ́. Wọn ò gbọ́ ìró rẹ̀, wọn ò rí ẹni tó rí i. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti pa ẹnu mọ́ sí ọkọ rẹ̀. Bàbá náà, agídí rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó ní bí ẹnì kan ò bá bá òun sọ̀rọ̀, òun náà ò ní bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe pín sí méjì lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ ọmọ yìí ṣe rí. Bàbá á ní, "Lọ sọ fún obìnrin yẹn pé iyọ̀ tó dà sínú oúnjẹ yìí, ṣé ó fẹ́ fi pa mí ni?" Alárinà á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa falẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe. Tó bá fi máa dé ẹ̀yìn, ohun tó máa sọ ni pé, "Bàbá ní ẹ kú iṣẹ́ o, màámi. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn bu omi." Ìyá á ní, "Sọ fún un pé ẹnu ẹ̀rọ omi wà níta, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì kán." Kó tó padà dé iwájú, ó ti di, "Màámi ní omi ń bọ̀, bàbá." Òun fúnra rẹ̀ á sì lọ bu omi náà.

Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ yìí gba òwe náà mọ́ra bí ẹni gba àdúrà. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín, wọ́n ní tí kì í bá ṣe òun, ilé yẹn ì bá ti tú ká. Kò sí ẹni tó rò ó pé bóyá ká ní wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé etí ara wọn bó ṣe wà, wọn ì bá jà á tán, wọn ì bá sunkún ọmọ wọn papọ̀, kí wọ́n sì jókòó jẹun. Ẹni tí wọ́n ń fi oyin pa létè lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ dìde jà fún?

Ọjọ́ kan wà tí Alárinà kọjá àyè rẹ̀. Ó ti ń di ọ̀dọ́bìnrin nígbà náà, ọ̀rọ̀ ilé náà sì ti sú u. Bàbá ò rán an níṣẹ́ kankan lọ́jọ́ yẹn, òun ló dá a rò. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ní, "Màámi, bàbá ní kí ẹ má bínú mọ́. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀." Ìyá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ kan tí kò wọ̀ láti ìgbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ ti lọ, ó fi ìpara pa ẹsẹ̀, ó sì rìn lọ síwájú. Alárinà dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wọ́n. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì mọ ohun tó wá ṣe. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún un. Ó rò pé ó wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ló bá yíjú sí ògiri, ó ń ka ìwé rẹ̀ lọ. Ìyá dúró díẹ̀ sí i, ó yí padà. Nígbà tó ń kọjá lára ọmọ rẹ̀, kò bá a wí, kò nà án. Ó fọwọ́ kàn án lórí, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ rere tí Alárinà bá gbé wá láti iwájú, ìyá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dúpẹ́, kò sì ní gbà á gbọ́.

Alárinà dàgbà tán, kò kúrò nílé. Bó bá lọ, ta ni yóò máa jẹ́ iṣẹ́? Ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ilé ìwòsàn ńlá kan sì gbà á sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ. Yàrá kékeré kan ni, kò ní fèrèsé, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó pẹ́ á mú súwẹ́tà dání. Àwọn ẹ̀rọ ń hùn lórí pẹpẹ irin, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára wọn. Ọ̀gá tó bá níbẹ̀ ni arúgbó kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Wáyà, ẹni tí wáyà máa ń yọ orí jáde lápò rẹ̀ bí ẹni kó ejò dání. Bàbá Wáyà ló mú un lọ síwájú àwọn ẹ̀rọ náà.

"Sáfà ni à ń pe méjèèjì yìí," ni ó wí. "Ìránṣẹ́ ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́, òun ló wà níwájú. Nọ́ọ̀sì tó bá tẹ ohunkóhun lórí kọ̀ǹpútà ní wọ́ọ̀dù, òun ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ó mọ èèyàn kí, ó lè fi àwòrán hàn ọ́, ó lè ṣí ojú ewé fún ọ. Ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan." Ó fọwọ́ lu èkejì. "Èyí tó wà lẹ́yìn ni ti Jáfà, orúkọ èdè ẹ̀rọ tó ń gbọ́ nìyẹn. Òun ló ń ronú. Ó mọ orúkọ aláìsàn, ó mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ dókítà dé yàrá oògùn. Kì í sì í jáde síta. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Sáfà iwájú, sáfà Jáfà," ni Alárinà wí. "Ó dún bí orúkọ ìbejì."

"Ìbejì tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn ni. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tí á máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ti iwájú, á gbé e lọ bá ti ẹ̀yìn, á sì gbé èsì padà. Kọnẹ́kítọ̀ ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Èmi ń pè é ní alárinà."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí arúgbó béèrè ìdí, ó sọ ìnagijẹ rẹ̀ fún un, ó sì sọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Bàbá Wáyà rẹ́rìn-ín ìnagijẹ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ìyókù, ó kọjú padà sí àwọn ẹ̀rọ.

Ó kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn kan wà tí alárinà ń gbà wọlé tọ ti Jáfà lọ, ilẹ̀kùn náà ní nọ́ńbà, a kì í sì í ṣí i fún ará ìta. Ó ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan wà tí tọ̀tún tòsì jọ mọ̀, kí àjèjì má baà wá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Ó ní a gbọ́dọ̀ sọ fún alárinà irú ọ̀rọ̀ tó máa gbé lọ sẹ́yìn àti irú èyí tí iwájú lè dá dáhùn. Ti ẹ̀yìn náà, ó ní ìwọ̀n ọwọ́ tó ní. Bí gbogbo ọwọ́ bá dí, ẹni tó bá dé á tò sórí ìlà. Alárinà inú ẹ̀rọ yìí ò sì lè dúró títí ayé. Bó bá kan ilẹ̀kùn, tó dúró, tí kò rí èsì, á kà á sí pé ẹni ẹ̀yìn ti kú, kò sì ní gbé ọ̀rọ̀ kankan lọ bá a mọ́ fún ìgbà kan, ì báà jẹ́ pé ẹni ẹ̀yìn ti jí, tó ti jókòó, tó ń wojú ọ̀nà.

"Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé," ni Bàbá Wáyà wí. "Alárinà ò gbọdọ̀ gbọ́n. Ohun tí wọ́n bá ní kó sọ ni kó sọ. Bí ẹ̀yìn bá bú èèyàn, kó gbé èébú náà wá síwájú bó ṣe wà."

"Bó bá dun ẹni tí wọ́n bú ńkọ́, bàbá?"

"Kó dùn ún. Ẹni tó bá dùn á wá wa wá."

Alárinà gbọ́ ọ, kò sì wọ̀ ọ́ létí. Ẹni tí òwe kan ti tọ́ dàgbà, òmíràn kì í tètè ráyè wọlé sí i lára.

Bàbá Wáyà fẹ̀yìn tì, Alárinà sì jókòó sórí àga rẹ̀. Kò pẹ́ tí mẹ́túrọ́nì, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, fi wá bá a. Obìnrin tí bàtà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi ni, kó kó kó.

"Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ nílé ni?" ni ó wí. "Bí ọ̀rọ̀ ò bá ti lọ, ohun pupa kan á bo ojú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ mi ń pariwo, àwọn aláìsàn ń rò pé ikú ti dé. Ṣé kò lè sọ̀rọ̀ bí ọmọlúwàbí?"

"Ó lè sọ ọ́, mà," ni Alárinà dáhùn. Inú rẹ̀ dùn. Nínú gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kíkan di dídùn jù ú lọ?

Ó jókòó, ó yọ ohun pupa náà kúrò. Bí alárinà bá kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò rí èsì, ohun tí iwájú yóò máa sọ fún àwọn èèyàn láti ìgbà náà lọ nìyí, pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ ewé: *A ti gbọ́ yín. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.* Kò tán síbẹ̀. Gbogbo èsì tí sáfà bá fọ̀ ló ń gbé nọ́ńbà kan dání, nọ́ńbà burúkú fún ìṣòro, nọ́ńbà àlàáfíà fún ohun tó lọ dáadáa. Ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí lọ, bó bá rí burúkú, á ké. Alárinà fún ọ̀rọ̀ tútù rẹ̀ ní nọ́ńbà àlàáfíà. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rere tó ń gbé nọ́ńbà burúkú lẹ́yìn dà bí ẹni tó ń kí èèyàn tó sì ń yọ ṣùtì sí i. Ẹ wo nǹkan o. Ó fi aṣọ bo ọgbẹ́, ó tún fi bo ojú ẹni tó ń wo ọgbẹ́.

Mẹ́túrọ́nì dúpẹ́ títí. Wọ́ọ̀dù rọlẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọsẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nọ́ọ̀sì á rí lẹ́tà aláwọ̀ ewé, á dúró, á tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, á sì lọ. Ó pẹ́ tí kò sí ẹni tí aburú bá, torí náà gbogbo wọn gbà pé ó dára.

Bàbá Wáyà yà wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó sì rí i lójú kọ̀ǹpútà. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"A ti gbọ́ yín," ni ó wí. "Ta ni 'a'? Ta ló gbọ́?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ara tu àwọn èèyàn."

"Iwájú nìkan ló gbọ́, iwájú ò sì mọ nǹkan kan. Mo ti sọ fún ọ." Ó wo Alárinà bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá Alárinà bì, ẹ̀jẹ̀ dúdú ló sì bì. Ọgbẹ́ inú tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́ ti já. Alárinà gbé e sínú mọ́tò tó ń dúró lẹ́nu géètì, ó sáré padà wọlé wá mú aṣọ, ó sì bá bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kì í dé. Ó di ògiri mú.

"Sọ fún un," ni bàbá wí. "Sọ fún un pé mo jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Alárinà dúró gbagidi. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò tíì gbé irú iṣẹ́ yìí rí. "Bàbá, wọ́n wà nínú mọ́tò níta. Ẹ wá sọ ọ́ fún wọn fúnra yín."

Bàbá wo ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. "Ẹsẹ̀ mi ò lọ," ni ó wí. "Bá mi sọ ọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí gan-an. Má fi nǹkan kan kún un."

Ní wọ́ọ̀dù, dókítà yẹ ìyá wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n tètè fà sí i lára, pé bí ẹ̀jẹ̀ bá wọlé lásìkò, àwọn máa lè dí ojú ọgbẹ́ náà, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ìyá sínú ìgò kékeré, ó fi rán òṣìṣẹ́ kan lọ sí yàrá ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n lè fi wá èyí tó bá a mu. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ ìbéèrè ránṣẹ́, torí yàrá ẹ̀jẹ̀ kì í fọwọ́ kan ìgò kankan bí ìbéèrè rẹ̀ ò bá tíì yọ lójú ẹ̀rọ wọn. Tẹlifóònù yàrá ẹ̀jẹ̀ náà, mẹ́túrọ́nì ti ní kí ẹnikẹ́ni má pè é mọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé.

Alárinà fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ojú ìyá ti funfun, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Màámi, bàbá rán mi sí yín."

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn jẹ̀bi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ni àwọn jẹ̀bi."

Ẹ̀rín yẹn ò kúrò lẹ́nu ìyá. Ẹ̀rín tí Alárinà ti mọ̀ láti ọjọ́ aṣọ àti ìpara ni. "O ṣeun, ọmọ mi."

"Wọ́n sọ ọ́, màámi. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí."

"Mo gbọ́."

"Mi ò fi nǹkan kan kún un. Mo fi Ọlọ́run bú-"

"Má búra," ni ìyá wí pẹ̀lẹ́. "O máa ń ṣe é dáadáa. Láti kékeré lo ti ń ṣe é dáadáa, o ò sì jẹ́ kí inú mi bàjẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ yìí sọ. Ìwọ lo sọ ọ́. Mo mọ ohùn ẹ." Ó pa ojú dé. "Ìwọ náà sinmi."

Ó dun Alárinà dé egungun. Iṣẹ́ tòótọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi rán an láti ọjọ́ tó ti ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, òun ni ẹni tí wọ́n rán an sí ò gbà gbọ́. Ó pe bàbá lórí fóònù kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Fóònù ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e, torí abẹ́ ìrọ̀rí ni bàbá máa ń fi í sí. Ó wá sọ nínú ara rẹ̀ pé kò burú. Kí ẹ̀jẹ̀ ṣáà wọlé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọlé, tí ojú màámi là, òun á lọ fi ọwọ́ fa bàbá wá síwájú ibùsùn yìí, kó tún un sọ, kí màámi rí ẹnu tó ti jáde.

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, nọ́ọ̀sì?"

"Wọ́n ti gbọ́ wa, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ká ní sùúrù díẹ̀."

Ọkàn Alárinà balẹ̀. Ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Wọ́n ti gbọ́ o, màámi. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀." Ìyá mi orí. Wọ́n dúró. Oòrùn yí kúrò lójú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn. Ọwọ́ ìyá ń tutù sí i, Alárinà fi méjèèjì tirẹ̀ bò ó. Ìyá bì lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Nọ́ọ̀sì, jọ̀wọ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn."

"Mo tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n, ohun kan náà ni wọ́n ń wí. Wọ́n ní ká fara balẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa."

Alárinà gbójú sókè. Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí ní yàrá ẹ̀jẹ̀? Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn tí ẹnu wọn ò mọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn nọ́ọ̀sì, ó sì rí lẹ́tà aláwọ̀ ewé náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó kà á. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Òun ló kọ ọ́. Ibi kan ṣoṣo ló sì fi í sí: ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Ta ló gbọ́?" ni ó wí. Nọ́ọ̀sì wò ó, kò yé e. Alárinà ti sáré jáde.

Ní yàrá ẹ̀jẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jókòó, ó na ẹsẹ̀. "Kò sí ìbéèrè kankan láti àárọ̀," ni ó wí. "À ń sọ ọ́ pé ara tù wá lónìí." Fìríjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó bá ìyá mu wà nínú rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ látàná. Ìgò kékeré tó ní orúkọ ìyá lára wà lórí tábìlì, nínú agolo pẹ̀lú àwọn mìíràn, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tí kò dé. Ọkùnrin náà rí ojú Alárinà, kò béèrè nǹkan kan mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn ẹ̀jẹ̀ méjèèjì wò pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń yá. Ṣùgbọ́n ohun tó gba àkókò gba àkókò. Alárinà dúró síbẹ̀, ó pe ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ìṣirò ńlá kan ni àwọn ará ọ́fíìsì òkè ń ṣe láti àárọ̀, ó gba gbogbo ọwọ́ sáfà Jáfà. Alárinà inú ẹ̀rọ kan ilẹ̀kùn títí, ó kà á sí òkú, kò sì padà lọ. "Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn ò ké rárá," ni wọ́n wí, ó ń yà wọ́n lẹ́nu. Kò ya Alárinà lẹ́nu.

Ó gbá àpò ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ àyà, kò dúró de ẹni tí wọ́n máa fi rán, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó dé wọ́ọ̀dù, wọ́n ti fa aṣọ yí ibùsùn ìyá ká. Nọ́ọ̀sì dúró níwájú aṣọ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ jókòó ná, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá kàn ń..."

"Má tún un ṣe," ni Alárinà wí. "Jọ̀wọ́. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Nọ́ọ̀sì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Wọ́n ti kú."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Alárinà ò pariwo. Ó di àpò ẹ̀jẹ̀ tútù náà mú títí nọ́ọ̀sì fi rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó fi omi nu ẹnu rẹ̀, ó pa ojú rẹ̀ dé dáadáa. Ẹkún wá lẹ́yìn ìyẹn, ó sì sun ún bí ẹni tí kò ní ìyá mọ́.

Kó tó lọ sílé, ó gba yàrá tútù náà kọjá. Ó jókòó sórí àga Bàbá Wáyà láìwọ súwẹ́tà, ó pa ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé náà rẹ́, ó dá nọ́ńbà burúkú padà sí àyè rẹ̀, ó sì fi òmíràn rọ́pò pẹ̀lú lẹ́tà pupa: *Ọ̀rọ̀ yín ò dé ibi tí ẹ rán an. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ẹ dìde, ẹ fi ẹsẹ̀ lọ.* Ẹni tó jókòó sí tábìlì kejì ní ṣé ọ̀rọ̀ náà ò le jù. Alárinà dìde, ó gba ilé lọ.

Nígbà tó dé ilé, bàbá jókòó sí yàrá iwájú. Ó ti wọ aṣọ ìjáde, ó ti dé fìlà, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín," ni ó wí. "Mo ti ń gbìyànjú láti àárọ̀. Ara rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹni tó ń túfọ̀ á kọ́kọ́ ní ara wọn ò yá díẹ̀ ni. Èèyàn á ní wọ́n gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, á pe àwọn àgbà àdúgbò wá, á ní kí bàbá mu omi. Alárinà mọ gbogbo rẹ̀. "Bàbá," ni ó wí, "màámi ti kú."

Bàbá gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí fìlà, ó ṣí i, ó gbé e lé orúnkún. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ṣé o sọ ọ́ fún un?"

"Mo sọ ọ́. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

"Kí ló wí?"

Ọ̀rọ̀ dídùn náà ti wà lẹ́nu Alárinà, kò tilẹ̀ ní láti wá a. *Wọ́n ní àwọn ti dárí jì yín.* Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bàbá á gbà á, á fi sùn, á fi kú. Ta ló máa já a nírọ́? Ó wo arúgbó náà, ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò gbé e dé ibì kankan, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Wọn ò gbà á gbọ́, bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́. Wọ́n ní èmi ni."

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Ẹ̀yin ni."

"O ò sọ fún un pé èmi ni?"

"Mo sọ fún wọn. Èmi ni wọn ò gbà gbọ́. Mo ti parọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì pẹ́ jù."

Bàbá wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Lẹ́yìn náà ló di apá àga mú, ó dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá, ó wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ, bàtà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Alárinà ò tẹ̀lé e. Ó ń gbọ́ ọ títí ó fi dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu yàrá ẹ̀yìn.

Bàbá kan ilẹ̀kùn. Ó dúró. Ó tún kàn án.